Bí ẹ ṣe lè fi ìṣirò tọ ipasẹ̀ gáàsì bẹntiróòlù nínú ilẹ̀

Kànga tó ń rùn bẹntiróòlù kì í ṣe nǹkan tuntun ní Èkó. Ní Bárúwà, lọ́nà Ìpájà, epo tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ba omi kànga ọ̀pọ̀ ilé jẹ́, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ti ń pariwo rẹ̀. Omi ni gbogbo ayé ń wò. Ṣùgbọ́n epo tó bá dé orí omi abẹ́lẹ̀ kì í jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Apá kan rẹ̀ ń di gáàsì, ó ń gba àárín iyẹ̀pẹ̀ gòkè, ó sì lè gba ibi tí kọnkéré ilẹ̀ ilé ti sán wọ yàrá. Bẹ́nsíìnì wà nínú gáàsì náà, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí mo ń kọ èyí fún ni akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ àyíká, tàbí ẹnikẹ́ni tó mọ Excel lò díẹ̀, tó sì fẹ́ fi nọ́ńbà dáhùn ìbéèrè méjì: báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí gáàsì yìí tó dé abẹ́ ilé, bó bá sì dé, mélòó ni yóò wọlé? Ẹ má tíì wá sọ́fíwía kankan. Nọ́ńbà tó máa pinnu ìdáhùn yín ju gbogbo ìyókù lọ ni ti omi tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀, agolo tòmátò la ó sì fi wá a. Àwọn nọ́ńbà tí màá lò jẹ́ ti àpẹẹrẹ, wọn kì í ṣe ti Bárúwà tàbí ti ibi kan pàtó.

Ọ̀rọ̀ ààbò kan kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ má wọ inú kànga, ẹ má sì ṣáná wo inú rẹ̀. Gáàsì bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń kó jọ sí. Bó bá ti tó ìdá 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́, ó ti tó láti gbiná.

1. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà

Bébà àti bírò ti tó. Ẹ ya ilé, ẹ ya ibi tí epo ti jò, ẹ sì ya ibi tí omi abẹ́lẹ̀ wà. Ẹ so nǹkan wíwúwo mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga láti mọ bí omi ṣe jìn tó. Ẹ fi ibi tí ilẹ̀ ti yí padà sí i: iyẹ̀pẹ̀ pupa lókè, yanrìn lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ níbòmíràn. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ń gbẹ́ kànga tàbí ìpìlẹ̀ ilé nítòsí, ẹ lọ wo ògiri ihò náà, ẹ ó rí ju ohun tí ìwé lè sọ fún yín lọ.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ ri páìpù omi tàbí wáyà, tí wọ́n wá da yanrìn bò, lè gbé gáàsì dé abẹ́ ilé kíákíá ju ilẹ̀ gidi lọ. Bí irú rẹ̀ bá wà láàárín orísun àti ilé, ìṣirò tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ kò ní sọ òótọ́ tán. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti kọ́kọ́ lọ wọn gáàsì.

2. Ẹ fi agolo wọn ilẹ̀

Agolo tòmátò kékeré ni kí ẹ mú, ẹ gé ìdí àti orí rẹ̀ kúrò kó di òrùka. Ẹ wọn fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ láti mọ ohun tó ń gbà. Ká ní 200 cm³ ni. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi jíjìn tí ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ gbé agolo lé e, ẹ fi pátákó bo orí rẹ̀, kí ẹ wá fi òòlù gbá a wọlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wà á jáde láti ìdí, ẹ fi ọ̀bẹ gé ohun tó yọ lókè àti nísàlẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ki iyẹ̀pẹ̀ bọ inú agolo pẹ̀lú ọwọ́, ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí àlàfo inú ilẹ̀ gan-an la ń wá.

Ẹ wọn iyẹ̀pẹ̀ náà ní tútù, ẹ gbé e sínú ófùn ní 105°C fún wákàtí 24, ẹ tún un wọ̀n. Ibi tí kò rùn epo ni kí ẹ ti mú un o! Iyẹ̀pẹ̀ tó ní bẹntiróòlù nínú kò gbọ́dọ̀ wọ ófùn ilé ìdáná.

Ká ní ó jẹ́ 348 g ní tútù, 318 g ní gbígbẹ. Ẹ pín 318 sí 200, ó di 1.59 g/cm³. Ẹ̀rún yanrìn fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.65 g/cm³, nítorí náà 1.59 ÷ 2.65 = 0.60. Èyí ni pé ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀rún, ìdá 40 sì jẹ́ àlàfo. Omi tó gbẹ lọ jẹ́ 30 g, ìyẹn 30 cm³ nínú 200, 0.15. Ohun tó ṣẹ́ kù fún afẹ́fẹ́ jẹ́ 0.40 − 0.15 = 0.25.

Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tún un ṣe ní oṣù kẹfà nígbà tí òjò bá ti kún ilẹ̀. Ká ní ní oṣù kẹfà, agolo kan náà wọn 378 g ní tútù: omi ti di 0.30, afẹ́fẹ́ ti di 0.10. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì pamọ́.

3. Mélòó ni gáàsì níbi orísun?

Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́nsíìnì ti yòrò sínú omi, ẹ gbé omi kànga lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ká ní wọ́n rí 1 mg nínú lítà kan, tó jẹ́ ìlọ́po 100 iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láàyè fún omi mímu. Ní 25°C, bẹ́nsíìnì tó máa wà nínú afẹ́fẹ́ tó fara kan omi náà jẹ́ nǹkan bí 0.23 ti inú omi. Nítorí náà 1 mg nínú lítà yóò fún wa ní 230,000 µg/m³ nínú gáàsì (µg kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan).

Bí epo fúnra rẹ̀ bá ń léfòó lórí omi, ọ̀rọ̀ di ńlá. Bẹntiróòlù tí ìdá kan nínú 100 mólékù rẹ̀ jẹ́ bẹ́nsíìnì lè fún yín ní nǹkan bí 4,000,000 µg/m³. A ó lo ti omi nínú àpẹẹrẹ yìí.

4. Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń jẹ́ kó kọjá?

Ibi tí gáàsì ti pọ̀ ló ti ń lọ síbi tí kò ti pọ̀. Adolf Fick ará Jámánì ló kọ òfin yìí sílẹ̀ ní 1855: bí ìyàtọ̀ bá ṣe pọ̀ tó, tí ọ̀nà sì kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń kọjá yóò ṣe pọ̀ tó. Ní gbangba, agbára ìtànkálẹ̀ bẹ́nsíìnì nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 0.09 cm² ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ilẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń gba àárín ọjà Òyìngbò kọjá lọ́jọ́ ọjà: ọ̀nà rẹ̀ kò tọ́, ibi púpọ̀ sì ti dí. Millington àti Quirk gbé ìlànà kan jáde ní 1961 tí gbogbo wa ṣì ń lò. Ẹ kọ ọ́ sínú Excel báyìí:

=0.09*0.25^(10/3)/0.4^2

0.25 ni àlàfo afẹ́fẹ́, 0.4 ni àpapọ̀ àlàfo. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 0.00554 cm² ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi 8.64 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.0478 m² lójúmọ́. Ẹ wá fi 0.10 ti oṣù kẹfà rọ́pò 0.25. Ó di 0.00226 m² lójúmọ́.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ilẹ̀ kan náà ni, epo kan náà, àmọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sí òjò jẹ́ ìlọ́po 21. Ìdí rèé tí ara mi kì í gba ìròyìn tó kún fún àwòrán aláwọ̀ mèremère láti inú sọ́fíwía, tí ẹni tó kọ ọ́ sì kàn mú omi inú ilẹ̀ láti inú táábìlì ìlú òyìnbó. Nọ́ńbà tí kò wọ̀n ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ má sì rò pé òjò jẹ́ ìtura. Òjò kì í rọ̀ sábẹ́ ilé. Nígbà tí àgbàlá bá rin gbingbin tí gáàsì kò rí ibẹ̀ gbà jáde, ilẹ̀ abẹ́ kọnkéré ṣì gbẹ díẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa yà sí. Agolo tí ẹ gbá wọlẹ̀ láàárín àgbàlá lóṣù kẹfà kò sọ òótọ́ nípa abẹ́ yàrá. Bí ẹ bá lè lu ihò kékeré gba kọnkéré ilẹ̀ ilé kọjá, ẹ mú iyẹ̀pẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ to àwọn ìpele ilẹ̀ léra

Ká ní omi wà ní 3 m sí abẹ́ ilé. Lókè omi gan-an, ilẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra sókè, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àyè fún afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ká ní ìpele yìí jẹ́ 0.25 m, omi inú rẹ̀ 0.36, afẹ́fẹ́ 0.04. Ní irú ibi báyìí, gáàsì ń gba inú omi fúnra rẹ̀ kọjá pẹ̀lú, nítorí náà a ó fi apá kejì kún un, níbi tí 0.00001 jẹ́ agbára ìtànkálẹ̀ bẹ́nsíìnì nínú omi:

=(0.09*0.04^(10/3)+0.00001/0.23*0.36^(10/3))/0.4^2*8.64

Èyí fún wa ní nǹkan bí 0.000184 m² lójúmọ́. Ìdènà ìpele kọ̀ọ̀kan ni nínípọn rẹ̀ tí a pín sí agbára ìtànkálẹ̀ inú rẹ̀. Ti ìpele tútù: 0.25 ÷ 0.000184 = nǹkan bí 1,359. Ti ilẹ̀ gbígbẹ tó kù: 2.75 ÷ 0.0478 = 57.5. Ìpele tí kò ju ìbú ọwọ́ méjì ààbọ̀ lọ dènà gáàsì ju gbogbo ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 24! Àròpọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 1,416.

Ohun tó ń gòkè lójoojúmọ́ ni 230,000 ÷ 1,416, nǹkan bí 162 µg lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹni tó bá gbàgbé ìpele tútù, tó ka 3 m sí ilẹ̀ gbígbẹ pátápátá, yóò rí nǹkan bí 3,660. Nínú yanrìn tí ẹ̀rún rẹ̀ tóbi, ìpele tútù yìí lè má tó bẹ́ẹ̀, nítorí yanrìn kì í fa omi ga. Nínú amọ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

6. Ẹ gbé e wọ inú yàrá

Ká gbà pé gbogbo ohun tó gòkè ló wọlé, kí a má bàa fojú kéré rẹ̀. Àjà ilé ga ní 2.7 m. Bí fèrèsé bá wà ní títì, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́, ká ní ìdajì afẹ́fẹ́ yàrá ló ń pààrọ̀ ní wákàtí kan, ìyẹn ìgbà 12 lójúmọ́. 162 ÷ (2.7 × 12) = 5 µg/m³.

Kí ni a ó fi wé? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí iye bẹ́nsíìnì tó jẹ́ aláìléwu. Tí èèyàn bá fi gbogbo ayé rẹ̀ mí 1.7 µg/m³ símú, ewu jẹjẹrẹ tó fi kún tirẹ̀ jẹ́ ẹnì kan nínú 100,000. Nítorí náà 5 kì í ṣe ohun tí a ó gbójú fò. Ṣùgbọ́n bí fèrèsé lúfà bá ṣí sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń pààrọ̀ ní ìgbà 5 ní wákàtí kan, iye náà bọ́ sí 0.5. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa là nítorí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà wọ́n kọjá. Àwọn ilé tuntun tí a dí pa nítorí ẹ̀fọn àti nítorí amúlétutù ni kí ẹ fi ojú sí.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Johnson àti Ettinger, tó jáde ní 1991, kò ju ohun tí a ti ń ṣe láti òkè lọ púpọ̀. Ó fi sísán kọnkéré àti afẹ́fẹ́ tí ilé ń fà kún un.

7. Báwo ni yóò ti pẹ́ tó?

Gáàsì kì í gòkè ní òfo. Apá kan ń yòrò sínú omi tó bá pàdé, apá kan ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rún ilẹ̀. Fún ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wa:

=0.25+0.15/0.23+1.59*0.12/0.23

Ìdáhùn jẹ́ 1.73. 0.12 yẹn ni bí bẹ́nsíìnì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ohun jíjẹrà inú rẹ̀ kéré. Bí ilẹ̀ bá dúdú, ó máa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ pín 0.0478 sí 1.73, ó di 0.0276 m² lójúmọ́. Fún ìdáhùn kíákíá, ẹ pín 3 × 3 sí i: ọjọ́ 326, kò pé ọdún kan. Ẹ ṣe bákan náà fún ilẹ̀ oṣù kẹfà, ẹ ó rí nǹkan bí ọdún 24. Ọ̀rọ̀ omi inú ilẹ̀ tún rèé.

Láti rí ìrìn náà lójú ara yín, ẹ ṣí Excel. Ẹ pín 3 m sí ọ̀nà 30, 0.1 m ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún 0.1 ọjọ́. Ẹ kọ 0.276 sínú B1. Ó wá láti 0.0276 × 0.1 ÷ 0.01. Ní ìlà 5, ẹ fi 1 sínú B5 tó jẹ́ orísun, kí ẹ fi 0 sínú C5 títí dé AF5, tó jẹ́ abẹ́ ilé. Ní ìlà 6, B6 ṣì jẹ́ 1, AF6 ṣì jẹ́ 0. Nínú C6, ẹ kọ:

=C5+$B$1*(B5-2*C5+D5)

Ẹ fà á dé AE6, kí ẹ wá fa gbogbo ìlà 6 sísàlẹ̀ fún ìlà 3,650, tó jẹ́ ọdún kan. Ẹ ya àwòrán ìlà bíi mẹ́rin, ẹ ó rí gáàsì tó ń rìn bọ̀. Ní ìparí, ìlà náà gbọ́dọ̀ tọ́ gbọnrangandan láti 1 sí 0, kí òpó Q, tó jẹ́ àárín ilẹ̀, sì jẹ́ 0.5. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fọ́múlà ti ṣì níbì kan. Bí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, tó tilẹ̀ ń lọ sábẹ́ òdo, ẹ wo B1: kò gbọ́dọ̀ ju 0.5 lọ. Ẹ dín ọjọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kù.

8. Ìfúnpá afẹ́fẹ́

Títí di ìsinsìnyí, a gbà pé afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ dúró sójú kan. Fáànù ilé ìdáná tó ń fa èéfín jáde lè fà á wọlé, ojú ọjọ́ náà lè tì í. Ní Loscoe, ní Derbyshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1986, ìfúnpá afẹ́fẹ́ já wálẹ̀ lójijì, gáàsì mítéènì sì jáde láti ibi tí wọ́n ń ri pàǹtírí sí, ó wọ abẹ́ ilé kan, ilé náà bú gbàù. Kò sí ìṣirò ìtànkálẹ̀ lásán tó lè sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìyẹn.

Láti mọ̀ bóyá ó kàn yín, ẹ ṣe ìdánwò kékeré yìí. Ká ní ilé ń fa afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ pẹ̀lú ìfúnpá 4 Pa (paskálì), tí ilẹ̀ sì jẹ́ yanrìn: =1E-11/1.8E-5*4/3*86400 fún wa ní 0.064 m lójúmọ́. Ẹ fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 0.0478: ó jẹ́ 4. Bó bá ju 1 lọ báyìí, fífà yẹn ló ń darí, ẹ sì nílò sọ́fíwía tó ń ka ìfúnpá mọ́ ọn. 1E-11 yẹn ni bí yanrìn ṣe ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá; fún amọ̀, 1E-14 ni kí ẹ lò. Ó bọ́ sí 0.004, ẹ lè gbàgbé rẹ̀.

9. Àwọn bakitéríà tó ń jẹ epo

Bẹntiróòlù yàtọ̀ sí àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ, irú tí kò nílò omi. Bakitéríà inú ilẹ̀ ń jẹ bẹ́nsíìnì bí ọ́síjìn bá wà. Ká ní wọ́n ń jẹ ẹ́ ní 0.8 ní wákàtí kan nínú omi ilẹ̀, ìyẹn 19 lójúmọ́:

=SQRT(0.0478*0.23/(19*0.15))

Ó jẹ́ 0.06 m. Ní gbogbo 6 cm tí gáàsì bá gùn, ìdá 37 péré nínú 100 ló ń ṣẹ́ kù. Ní 60 cm, kò ní ku ju ìpín kan nínú 20,000 lọ. Ìdí nìyẹn tí EPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, fi sọ ní 2015 pé ilẹ̀ mímọ́ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 sábà máa ń tó láàárín ilé àti omi tí epo yòrò sínú rẹ̀, àti ẹsẹ̀ bàtà 15 bí epo gan-an bá wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ́síjìn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Kọnkéré ńlá tó bo ilẹ̀ ilé epo, tàbí àgbàlá tí wọ́n fi símẹ́ńtì dí láti ẹnu ọ̀nà dé fẹ́ǹsì, lè ṣẹ́ ọ́síjìn kù fún wọn. Ẹ má ka bakitéríà mọ́ ìṣirò yín àyàfi bí ẹ bá ti wọn ọ́síjìn nínú ilẹ̀.

10. Ẹ lọ wọ̀n, kí ẹ sì tún ibẹ̀ ṣe

Ẹ ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ilẹ̀ ní 0.5 m, 1 m àti 2 m, ẹ fi amọ̀ tútù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fa gáàsì jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọn bẹ́nsíìnì, ọ́síjìn àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì. Bí ọ́síjìn bá ń dín kù bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ń pọ̀ sí i, bakitéríà wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí bẹ́nsíìnì tí ẹ rí bá ju ti ìṣirò yín lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ padà sórí àwòrán ìgbésẹ̀ kìíní kí ẹ wá kòtò páìpù. Bó bá kéré sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ tún omi inú ilẹ̀ wọ̀n.

Bí nọ́ńbà inú yàrá bá burú, ẹ dí ibi tó sán àti ẹ̀gbẹ́ páìpù tó gba ilẹ̀ ilé wọlé. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ lu ihò gba kọnkéré, ẹ ki páìpù PVC bọ̀ ọ́ dé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹ so fáànù tí iná inú rẹ̀ kò lè ta jáde mọ́ ọn, kí ó máa fa gáàsì jáde kó tó wọlé. Ẹ gbé ẹnu páìpù náà ga kọjá òrùlé, kó jìnnà sí fèrèsé, sí amúlétutù àti sí jẹnẹrétọ̀, ti àwọn aládùúgbò pẹ̀lú.